Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà ń lọ sí Marrakech, owó ò pọ̀ lọ́wọ́: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ó ti pẹ́ tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, a sì ti pinnu pé Marrakech ní orílẹ̀-èdè Mòrókò la máa kó àwọn ọmọ lọ nígbà ìsinmi àárín táàmù oṣù Kẹwàá. Èèyàn mẹ́fà ni wá: àwa méjèèjì, àwọn ìbejì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún méje, Ìdòwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta, àti ìyá ọkọ mi. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún a sì máa yọ wọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa fi àwọn sílẹ̀ nílé. Ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwa tó kù ń lò. Ti Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ Màmá, wọ́n sì ní ìwé ìgbélùú níbí.

A ti rí bàálù olówó pọ́ọ́kú. Ohun tó ń já mi láyà ni ibi tí a máa dé sí, bí a ṣe máa rìn kiri, ohun tí àwọn ọmọ máa jẹ, àti bí owó ò ṣe ní tán lọ́wọ́ wa kí a tó padà. Mo tún gbọ́ pé àwọn kan níbẹ̀ máa ń rẹ́ àlejò jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn ní Rabat

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, ma. Rabat, olú ìlú Mòrókò, ni mo ti ń kàwé, mo sì máa ń wọ rélùwéè lọ sí Marrakech nígbà ìsinmi. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé inú ìlú àtijọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní mèdínà, ni kí ẹ dé sí, kí ó sì súnmọ́ gbàgede Jemaa el-Fnaa. Odi amọ̀ pupa ló yí mèdínà ká, inú odi yẹn sì ni ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ̀ ń wá lọ wò wà. Ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn ín. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, kò sí òkè tí Màmá máa gùn.

Riad ni wọ́n ń pe ilé tí àlejò ń dé sí níbẹ̀. Ilé alágbàlá ni, ojú fèrèsé rẹ̀ kọ sínú, igi ọsàn tàbí ìsun omi a sì wà láàárín. Ẹ wá èyí tí ìdílé kan ń bójú tó fúnra wọn, tí oúnjẹ àárọ̀ sì wà nínú owó rẹ̀. Ẹ béèrè yàrá ìsàlẹ̀ fún Màmá, torí àkàsọ̀ àwọn ilé yẹn há, ó sì dagun. Ẹ béèrè bóyá adágún omi kékeré wà láàárín àgbàlá láìsí ohun tó dí i, torí Ìdòwú. Kí ẹ sì béèrè bí ibi tí takisí máa já yín sí ṣe jìnnà tó, torí mọ́tò ò lè wọ ọ̀pọ̀ àwọn kọ̀rọ̀ yẹn. Àdúgbò Riad Zitoun, láàárín gbàgede àti ààfin Bahia, dára fún irú yín: ojú ọ̀nà tó fẹ̀ díẹ̀ wà nítòsí, ẹ ò sì ní rìn jìnnà kí ẹ tó dé ibikíbi.

Bàbá Sùkúrà, Manchester

Ọmọ Ìbàdàn, o ṣeun, ṣùgbọ́n mi ò gbà tán. Fún ẹni tó kó ọmọ mẹ́ta àti àgbàlagbà dání, Guéliz ni mo fara mọ́, ìyẹn ìgboro tuntun tí àwọn Faransé tẹ̀ dó sẹ́yìn odi nígbà tí wọ́n ń ṣàkóso Mòrókò. Ẹ máa rí ilé oníyàrá méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀, tó ní ilé ìdáná àti lífìtì. Carrefour wà nínú ilé ìtajà Carré Eden, ẹ ó ra ẹyin, wàrà, búrẹ́dì àti èso, ẹ ó dáná ohun tí ọmọ mọ̀. Ọlọ́kadà ò ní máa gba ẹ̀gbẹ́ Ìdòwú kọjá nínú kọ̀rọ̀. Láti ibẹ̀ dé mọ́ṣáláṣí Koutoubia, òpópónà Mohammed V kan ṣoṣo ni, tààrà ló lọ, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá á rìn ín ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ọmọ Ìbàdàn ní Rabat

Bàbá Sùkúrà, òótọ́ lẹ sọ nípa ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò takisí. Takisí kékeré, èyí tó ń ná inú ìlú, kò gbọdọ̀ gbé ju èèyàn mẹ́ta lọ, wọ́n sì ń ka ọmọdé mọ́ ọn. Ìdílé yìí jẹ́ mẹ́fà, takisí méjì ni ní àlọ, méjì ní àbọ̀, lójoojúmọ́, torí orúnkún Màmá ò ní gbà kí wọ́n rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kí wọ́n tún rìn ín bọ̀. Lálẹ́, mítà a máa fi ìdajì lé owó ọ̀sán. Owó tí wọ́n bá rí mú kúrò nínú owó ilé ní Guéliz, takisí ló máa jẹ ẹ́.

Tí ẹ bá sì wọ takisí kékeré, kí ẹ tó jókòó ni kí ẹ ti sọ fún un kó tan mítà. "Compteur" ni wọ́n ń pè é. Bó bá kọ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Tóbi, Croydon

Mo wà lẹ́yìn Ọmọ Ìbàdàn. Kí n sì fi kún un: Ìyá Ìbejì, ẹ fi kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ sílẹ̀ ní London, ẹ mú ọ̀já dání. Nínú ọjà, òkúta àti kòtò wẹ́wẹ́ pọ̀ nílẹ̀, èrò pọ̀, kẹ̀kẹ́ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà sì ń kọjá. Nígbà tó bá ti rẹ Ìdòwú, ẹ gbé e sẹ́yìn, ẹ pọ̀n ọ́n, ọwọ́ yín méjèèjì á wá ṣófo fún àwọn ìbejì. Tí ẹ bá gbọ́ "balak!" lẹ́yìn yín, ẹ má wẹ̀yìn, ẹ fara mọ́ ògiri lẹ́ẹ̀kan náà, ẹrù tàbí ọ̀kadà ló ń bọ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìyẹn kí ẹ tó kúrò nílé, kí wọ́n fi ṣeré títí ó fi mọ́ wọn lára.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ takisí yẹn ti là mí lójú, mèdínà la máa dé sí. Oúnjẹ ńkọ́? Taiwo kì í jẹ ohun tí kò bá mọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Alásè, Lewisham

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ oúnjẹ fún mi! Ọkàn yín á balẹ̀ ní Marrakech, torí oúnjẹ tó dára jù níbẹ̀, oúnjẹ tálákà ni.

Láàárọ̀, ẹ máa rí msemen: wọ́n á na ìyẹ̀fun tó ti fẹ́lẹ́, wọ́n á fi òróró pa á, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po ní igun mẹ́rin, wọ́n á yan án lórí irin gbígbóná. Pẹ̀lú oyin, kò sọ́mọ tó máa kọ̀ ọ́. Sfenj náà wà, wọ́n ń dín in nínú òróró lójú yín. Pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù tí wọ́n lu ihò sí láàárín ni, Taiwo á mọ̀ ọ́n kó tó gbé e sẹ́nu. Búrẹ́dì róbótó wọn ò wọ́n rárá. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ béèrè harira, ọbẹ̀ tòmátì oníẹ̀wà tó ń mú inú gbóná, abọ́ kan a máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oúnjẹ fún ọmọdé pẹ̀lú búrẹ́dì.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin àgbà má pàdánù ni tanjia, torí ti Marrakech gan-an ni. Ìkòkò amọ̀ gíga tó ní etí méjì ni wọ́n ń kó ẹran sí, pẹ̀lú áyù, kúmínì, òróró àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti fi iyọ̀ pa mọ́. Wọ́n á fi bébà dé e lẹ́nu, wọ́n á so ó, wọ́n á wá gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń dáná omi ilé ìwẹ̀ àdúgbò. Onílé ìdáná á ri ìkòkò náà sínú eérú gbígbóná, ibẹ̀ ló máa wà fún wákàtí púpọ̀. Tí wọ́n bá tú u sínú abọ́, ẹran náà á ti bọ́ kúrò lára egungun fúnra rẹ̀. Ẹ lọ sí kọ̀rọ̀ àwọn aláyangbẹ ẹran àgbò lẹ́bàá gbàgede ní ọ̀sán, ẹ máa rí àwọn ìkòkò náà lórí ìlà. Ẹran àgbò yíyan náà, ìwọ̀n kílò ni wọ́n fi ń tà á, ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ kí wọ́n tó gé e.

Lórí gbàgede lálẹ́, nọ́ńbà ló wà lára ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ ìsọ̀ á sì máa pè yín kíkankíkan. Ẹ jókòó síbi tí ará ìlú jókòó sí, tí iye owó sì wà lára pátákó. Búrẹ́dì àti ólífì tí wọ́n bá kó síwájú yín láìbéèrè, wọ́n máa ṣírò rẹ̀ mọ́ owó. Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ń ta ìgbín náà níbẹ̀ o, kékeré ni, nínú omi ewé olóòórùn dídùn. Màmá á fẹ́ràn rẹ̀.

Ata nìkan ló ṣọ̀wọ́n. Èròjà olóòórùn dídùn púpọ̀ ló wà nínú oúnjẹ wọn, ṣùgbọ́n kì í ta. Ẹ di ata gígún sínú ike kékeré dání.

Nọ́ọ̀sì Leeds

Ọ̀rọ̀ ìlera, mo máa sọ ọ́ kíákíá. Omi inú ike tí a dè pa ni kí àwọn ọmọ mu. Omi ọsàn gbàgede dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n fún un lójú yín, láìfi omi tàbí yìnyín sí i, kí ẹ sì béèrè iye rẹ̀ ṣáájú. Ẹ kó ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi, dání torí ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ ra ìwé adójútòfò ìrìn àjò fún gbogbo yín, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé Màmá ní àìsàn orúnkún.

Ológbò pọ̀ níbẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, wọ́n sì rẹwà. Kí ọmọ má fọwọ́ kàn án. Àrùn dìgbòlugi wà ní Mòrókò, ajá, ológbò àti ọ̀bọ lè kó o ran èèyàn. Bí ẹranko bá bu ọmọ jẹ tàbí tó ha á lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá dé London. Nọ́ńbà ọkọ̀ aláìsàn ni 15, ti ọlọ́pàá ìgboro ni 19.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, ma. Màmá ní kí n béèrè nípa làálì. Wọ́n ti rí i lórí fóònù pé wọ́n ń lé e lórí gbàgede.

Nọ́ọ̀sì Leeds

Làálì gidi, àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, kì í sì í mú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí tó dúdú kirikiri tó sì ń gbẹ kíá, wọ́n ti po kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PPD mọ́ ọn, inú aró irun ni kẹ́míkà yẹn máa ń wà. Ó lè bó ara ọmọdé, kí àpá rẹ̀ má lọ mọ́. Ẹ sọ fún àwọn tó ni riad kí wọ́n bá yín pe obìnrin tí wọ́n mọ̀ wá sílé fún Màmá. Lórí gbàgede, àwọn kan á fa ọwọ́ èèyàn, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà á kí ẹ tó sọ̀rọ̀, wọ́n á wá pe owó ńlá. Kí àwọn ọmọ pa ọwọ́ mọ́ àpò.

Ọmọ Ìbàdàn ní Rabat

Lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń rẹ́ni jẹ: ìlú náà kì í ṣe ìlú ewu, ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ ló ní ojú àánú, pàápàá sí ẹni tó bá kó àgbà àti ọmọ dání. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti sọ fún yín pé ọ̀nà tí ẹ̀ ń gbà ti dí, pé gbàgede wà ní òdìkejì. Kò dí. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sọ pé "la, shukran", ìyẹn "rárá, ẹ ṣeun", ẹ máa lọ. Ẹ ti gba máàpù ìlú náà sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, kó lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Bí ẹ bá ṣìnà, inú ìsọ̀ ni kí ẹ wọ̀ lọ béèrè lọ́wọ́ òǹtajà tó jókòó ti ọjà rẹ̀, ẹ má béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ̀ lé yín.

Àwọn kan á tún sọ pé òní nìkan ni ọjọ́ ọjà àwọn aláwọ. Wọ́n á mú yín lọ sí Bab Debbagh, níbi tí wọ́n ti ń pa awọ ẹran láró, ẹnìkan á fún yín ní ewé míńtì kí ẹ fi di imú nítorí òórùn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè owó lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan yín. Kì í ṣe ibi tí mo máa kó ọmọ ọdún mẹ́ta lọ.

Gbàgede fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ohun tí ẹ lè sanwó fún tó máa dùn mọ́ àwọn ọmọ tó o. Lọ́dún 2001 ni UNESCO ti kéde àṣà tó ń ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ ní ohun ìṣura fún gbogbo ayé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ. Àwọn onítàn máa ń jókòó sáàárín agbo, àwọn eléré máa ń tàkìtì. Ẹ lọ jókòó ti àwọn olórin Gnawa. Ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n kó lẹ́rú la aṣálẹ̀ kọjá láti ìhà tiwa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Guembri olókùn mẹ́ta ni wọ́n ń ta, wọ́n sì ń lu qraqeb onírin sí i. Ẹ sọ ìtàn yẹn fún àwọn ìbejì níbẹ̀ gan-an, nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání, torí ẹni tó bá dúró wòran á fi nǹkan sílẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń fi ejò àti ọ̀bọ ṣeré, ẹ jìnnà sí wọn, ẹ má ya fọ́tò wọn rárá.

Akọ̀wé Mushin

Nípa físà Màmá: ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Mòrókò. Níwọ̀n bí Màmá ti ní ìwé ìgbélùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lè bèèrè fún físà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ka àkọsílẹ̀ wọn dáadáa nípa bí ìwé ìgbélùú náà ṣe gbọ́dọ̀ pẹ́ tó kó tó kú, kí ẹ sì ṣe é kí ẹ tó san owó riad. Ìkànnì ìjọba ni kí ẹ gbà, àwọn aṣojú lórí íntánẹ́ẹ̀tì kàn ń fi owó kún owó ni. Ẹ̀yin tó kù ò nílò físà.

Àwa tá a ń ti Èkó lọ, bàálù tààrà wà dé Casablanca, rélùwéè sì wà láti abẹ́ pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀. A ó pààrọ̀ ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Casa-Voyageurs láti lọ sí Marrakech.

Alhaji Òṣogbo

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Inú mi dùn pé Màmá yín, Alhaja, ń lọ. Wọ́n lè kírun ní Koutoubia, àyè àwọn obìnrin wà níbẹ̀. Àwọn ọba Almohad ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún ó lé sẹ́yìn, ilé ìpèrun rẹ̀ ga tó mítà 77, òun ni wọ́n sì wò kọ́ ilé gíga Giralda tó wà ní Seville ní Sípéènì. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kì í wọ mọ́ṣáláṣí ní Mòrókò, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀ bíi ti Hassan II ní Casablanca. Tí àwọn kan nínú ìdílé yín bá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, kí wọ́n jókòó dè wọ́n nínú ọgbà òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, igi ọsàn sì ṣíji bò ó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ máa ń tì lọ́sàn-án, kúskúsù ni gbogbo ilé sì ń jẹ lọ́jọ́ náà. Ẹ fi ọjọ́ yẹn sinmi.

Mo mọ̀ pé Alhaja lè fẹ́ lọ síbi ibojì Sheikh Ahmad Tijani, olùdásílẹ̀ Tijáníyà, ní ìlú Fez, bí ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Tijáníyà ṣe máa ń ṣe. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Rélùwéè láti Marrakech dé Fez ju wákàtí mẹ́fà lọ. Kí wọ́n fi ti Fez sí ìrìn àjò mìíràn tí wọ́n máa fi gbogbo ara ṣe.

Ìyá Tóbi, Croydon

Tí ẹ bá fẹ́ jáde kúrò nígboro lọ́jọ́ kan, ẹ lọ sí àfonífojì Ourika lẹ́sẹ̀ òkè Atlas. Takisí ńlá ló ń ná ọ̀nà yẹn, èèyàn mẹ́fà ló ń gbé, iye yín gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ gba gbogbo rẹ̀ fún àlọ àti àbọ̀, ẹ dúnàá dúrà kí ẹ tó wọlé, kí ẹ má san tán àyàfi tí ẹ bá padà dé. Ẹ sọ fún un pé ẹ ò fẹ́ yà síbi tí wọ́n ti ń ta òróró argan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdajì ọjọ́ á lọ síbẹ̀. Ní Setti Fatma, wọ́n to àga àti tábìlì sẹ́bàá omi, àwọn kan tilẹ̀ wà nínú odò tí kò jìn. Màmá á ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù, bàbá ìbejì á mú àwọn ọmọ gun òkúta lọ wo omi tó ń já láti òkè. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ má lọ, torí odò yẹn máa ń kún lójijì.

Nínú ìlú, ọgbà Menara kì í gbowó ìwọlé, adágún omi ńlá wà níbẹ̀ láàárín igi ólífì. Ààfin Bahia yẹ kí ẹ sanwó wò, ẹ lọ bí wọ́n bá ṣe ń ṣílẹ̀kùn, kí èrò tó dé. Ọgbà Majorelle rẹwà, ṣùgbọ́n ó wọ́n púpọ̀ fún ẹni mẹ́fà. Èmi ì bá fi owó yẹn ṣe ti Ourika.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Màmá ti gbà lórí ọ̀rọ̀ Fez. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí a ra dirham níbí kí a tó lọ? Àwọn ìbejì sì fẹ́ mú dúróònù kékeré tí bàbá wọn rà fún wọn dání.

Bàbá Sùkúrà, Manchester

Ẹ fi dúróònù sílé. Wọn ò gbà á kí àlejò mú un wọ Mòrókò, kọ́sítọ́ọ̀mù á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀.

Ẹ má ra dirham ní London, Mòrókò ló ti dára jù. Pọ́n-ùn kan ń lọ sí nǹkan bíi dirham 12 tàbí 13. Ẹ yọ owó díẹ̀ nínú ẹ̀rọ báńkì ní pápákọ̀ fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa yọ èyí tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń gbowó lórí ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, kí ẹ lè ṣẹ́ èyí tó bá kù padà kí ẹ tó wọ bàálù, torí wọn ò gbà kí èèyàn mú ju dirham 2,000 jáde nílẹ̀ wọn.

Láti pápákọ̀, bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 19 ń lọ sí gbàgede. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú Màmá àti ẹrù, ẹ jẹ́ kí riad rán ọkọ̀ ńlá wá, kí ẹ gba iye owó náà sílẹ̀ ní kíkọ. Kí ẹ sì wo aago bàálù àbọ̀ dáadáa: ní ìparí oṣù Kẹwàá, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa dá aago padà ní wákàtí kan, Mòrókò ò ní dá tiwọn padà.